Iná Kò Dé Òkè-Afá: Ẹ̀kọ́ Ààbò fún Ìdílé Mùsùlùmí

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, omi mímu àti oúnjẹ la máa ń sọ níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, iná la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó ń fọ ọwọ́ kó tó jẹun, tó ń se omi kó tó mu ún, ṣùgbọ́n tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí, kò tíì dáàbò bo ìlera wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé, ó sì kan àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ jù, nítorí ohun tí ojú àdúgbò wa ti rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2002

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ràn dé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n ń bú tẹ̀ léra wọn. Ilẹ̀ ń mì tìtì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà, ojú ọ̀run sì pọ́n. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn aráàlú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ló dé, àwọn mìíràn rò pé ìjọba ni wọ́n fẹ́ gbà.

Àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn forí lé ọ̀nà Òkè-Afá, ní Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Kànáàlì wà níbẹ̀, ewéko sì ti bo ojú omi rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ yóò fi rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó wà níwájú jìn sínú omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Ìyá tó pọn ọmọ wà níbẹ̀, ọmọdé tó já sọ́nà lọ́wọ́ òbí wà níbẹ̀. Àwọn tó kú nínú àjálù ọjọ́ náà lé ní 1,000, omi Òkè-Afá ló sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn lọ. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá títí di òní. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn Mùsùlùmí inú wọn, kó sì tu gbogbo ẹbí wọn nínú.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìkẹjà ni iná náà wà. Kò dé Òkè-Afá. Kò jó aṣọ kan lára àwọn tó bá omi lọ. Ohun tó pa wọ́n ni pé wọn kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sá sí, wọn kò mọ ọ̀nà, wọ́n sì ń sá lọ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn. A kò dá wọn lẹ́bi o. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iná ń gbà pa ènìyàn: ó ń jó wọn, èéfín rẹ̀ ń fún wọn lọ́rùn, ìdàrúdàpọ̀ tó ń dá sílẹ̀ sì ń tì wọ́n sínú ewu mìíràn. Bí iná bá ti ṣẹ́, a lè má lágbára mọ́ láti pa á. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá ti múra sílẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ èéfín àti ìdàrúdàpọ̀. Ìmúrasílẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ?

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹ." Òótọ́ ni, a gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tó kọ kádàrá náà ló kìlọ̀ fún wa nínú Súrátùl Bàkárà, áyà 195, pé kí á má ṣe fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ilẹ̀ Ṣáámù, Sáyídínà Úmárù dá àwọn ènìyàn rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni, ó dáhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan lòun ti ń sá bọ́ sínú òmíràn. Ẹni tó bá gbé sílíńdà gáàsì rẹ̀ síta, inú kádàrá Ọlọ́hun ló ṣì wà.

Lórí iná gan-an, ọ̀rọ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe kedere. Nínú hádíìsì tí Búhárì àti Múslímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Musa al-Ash'ari, ilé kan jóná mọ́ àwọn ará ilé náà lórí ní òru, ní ìlú Mẹ̀dínà. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì, ó pe iná ní ọ̀tá wa, ó sì pàṣẹ pé kí á máa pa á kí á tó sùn. Nínú hádíìsì mìíràn, ó ní kí á ti ilẹ̀kùn, kí á bo ohun èlò oúnjẹ, kí á sì pa fìtílà, nítorí pé eku lè wọ́ òwú fìtílà kó sì dáná sun ilé mọ́ àwọn ará ilé.

Ẹ ò rí i pé Ànábì kò fi mọ sí àṣẹ nìkan, ó sọ bí jàǹbá náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Fìtílà olówùú ti kúrò nílé ọ̀pọ̀ wa, ṣùgbọ́n eku kò tíì kúrò. Wáyà iná tó wà lókè àjà ló ń jẹ báyìí. Ẹni tó bá ń yọ ohun èlò iná kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó sùn, súnnà ló ń tẹ̀ lé. Yorùbá náà ní ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

A mọ̀ pé wọ́n ka ẹni tí iná jó pa mọ́ àwọn ṣàhídì. Àánú Ọlọ́hun nìyẹn fún ẹni tí àjálù bá. Kì í ṣe àyè fún wa láti fi ẹ̀mí àwọn ọmọ wa tàfàlà.

Èéfín ló ń kọ́kọ́ dé

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ ní Afriland Towers, ilé alájà púpọ̀ kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn òṣìṣẹ́ panápaná sọ pé ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ẹ̀rọ ìnfátà wà, ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín gun òkè, ó kún àwọn ọ́fíìsì tí iná kò dé. Àwọn kan já fèrèsé, wọ́n bẹ́ sílẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 10 ló kú.

Èéfín inú ilé kò dà bí èéfín igi ìdáná àwọn ìyá wa. Fóòmù tí a ń sùn lé, àga ìjókòó, rọ́bà, kápẹ́ẹ̀tì àti wáyà, gbogbo wọn ló ń tú májèlé jáde bí wọ́n bá ń jó. Èyí tó léwu jù nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀; ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹni tó ń sùn kò ní ta jí. Oorun rẹ̀ yóò kàn máa le sí i ni. Májèlé kan náà yìí ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ pé odidi ìdílé sùn tí wọn kò jí, nígbà tí kò sí iná kankan tó jó nílé náà.

Nítorí náà, bí èéfín bá kún yàrá, ẹ má ṣe dúró lórí ìró. Òkè ni èéfín gbígbóná ń lọ, afẹ́fẹ́ tó dára díẹ̀ yóò ṣì kù nítòsí ilẹ̀. Ẹ rá kòrò, ẹ fi aṣọ tútù bo imú àti ẹnu, kí ẹ máa tẹ̀ lé ara ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣí i, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín láìtì í pa. Ilẹ̀kùn tó wà ní dídé máa ń fa ọwọ́ iná sẹ́yìn, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹni tó wà ní yàrá kejì rí àyè jáde.

Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ wà, ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ rẹ̀, ẹ lọ sí ojú fèrèsé, kí ẹ máa fi aṣọ juwọ́, kí ẹ sì máa pariwo. Ohun èlò kékeré kan wà tó ń ké bó bá ti gbọ́ òórùn èéfín. Wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iná. Ẹni tó bá lágbára, kó ra ọ̀kan, kó kàn án mọ́ àjà lẹ́bàá yàrá tí wọ́n ń sùn sí.

Ibi tí iná ti ń wá

Gáàsì ìdáná: Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rọ́ sí, yóò sì máa dúró dé ẹni tó máa ṣáná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn, nítorí pé títẹ̀ ni títẹ̀, ó lè ta pàrà. Ẹ má ṣáná, ẹ má pe fóònù nínú ilé. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo ènìyàn sì bọ́ síta. Ìta ilé, ní ìdúró, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí sílíńdà máa wà, kí rọ́bà rẹ̀ sì gba ara ògiri wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, ìfófòó ọṣẹ ni kí ẹ fi pa ojúkò rẹ̀. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wò ó láé. Rọ́bà tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rọ́bà kò tó owó ìtọ́jú ojú iná.

Epo gbígbóná: Nínú oṣù Rọ̀màdáànì, àkókò ìṣínu ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń dín àkàrà, dòdò àti mọ́sín-mọ́sín. Ara ti rẹ olúwarẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ ìrun Màgríbì. Ẹ má fi epo sílẹ̀ lórí iná lọ kírun. Ẹ pa iná ná, ẹ kírun, kí ẹ wá padà. Bí epo bá gbiná nínú agbada, ẹ má da omi sí i. Omi yóò sọ epo náà di ọwọ́ iná tó máa dé òkè àjà. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí ìkòkò dé e, ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù pátá. Ẹ má gbé e sáré jáde.

Iná mànàmáná: Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń lọ aṣọ, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lójú ẹsẹ̀. Àìmọye ilé ló ti jó nítorí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ, tí iná wá padà dé nígbà tí wọ́n ti jáde. Ẹ má ṣe so fìríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì alágbèéká kan ṣoṣo. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbóná, tó ń dún tàbí tó ti dúdú, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná dájú ni kí ẹ pè. Ẹ má gba fóònù lórí ibùsùn tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Bátìrì ìnfátà kò gbọdọ̀ wà ní yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí gbogbo ilé ń gbà jáde.

Jẹnẹrétọ̀ àti bẹntiróòlù: Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Kì í ṣe bàkónì, kì í ṣe pásẹ́ẹ̀jì, kì í sì í ṣe abẹ́ fèrèsé aládùúgbò. Ẹ pa á kó tutù kí ẹ tó bu epo sí i, kí ó má sì jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là lẹ fi ń bu ú. Ooru bẹntiróòlù máa ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná tó jìnnà sí i. Ẹ má tọ́jú bẹntiróòlù sínú ilé. Ẹni tó ń fi sítóòfù dáná, kó ra kẹrosín-ìn níbi tó dá a lójú, nítorí pé èyí tí bẹntiróòlù bá ti dà pọ̀ mọ́ lè bú gbàù.

Iná kéékèèké: Kọ́ìlì ẹ̀fọn, tùràrí àti àbẹ́là, orí àwo irin ni kí wọ́n wà, kí wọ́n jìnnà sí kọ́tìnì, ibùsùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìṣáná àti láítà kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ibi tí ọwọ́ wọn kò tó ni kí ẹ fi sí.

Ilẹ̀kùn, irin fèrèsé àti kọ́kọ́rọ́

Nítorí olè, a ti fi irin dí gbogbo fèrèsé. Nítorí olè náà, a ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin láti inú ní òru, bàbá ilé á sì fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí iná bá ṣẹ́ ní aago 2 òru, tí iná mànàmáná kò sí, tí èéfín ti kún ilé, ta ni yóò rí kọ́kọ́rọ́ náà? Ohun tí a fi dènà olè ti di ohun tó há àwa fúnra wa mọ́lé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kan ìṣó kan mọ́ ara ògiri nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà níta kò lè dé, kí kọ́kọ́rọ́ máa wà níbẹ̀ lálaalẹ́. Gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ ọdún 7, gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀, kí wọ́n sì lè ṣí i nínú òkùnkùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pe wẹ́dà kó ṣe irin fèrèsé kan, ó kéré tán, ní èyí tó ṣeé ṣí láti inú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ palẹ̀ pásẹ́ẹ̀jì mọ́. Nínú ilé wa ní Máfólúkù, Ṣógúnlé àti Ìlasàmàjà, níbi tí yàrá ti dojú kọ yàrá, pásẹ́ẹ̀jì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń gbà jáde. Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni sítóòfù, garawa, ọ̀kadà, àpò ọjà àti kẹ́ẹ̀gì epo wà. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ayálégbé lọ. Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn níwájú Ọlọ́hun lórí ilé tí ẹ ń gba owó rẹ̀.

Ètò tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní

Lẹ́yìn ìrun Áṣírì ní òpin ọ̀sẹ̀, kí bàbá àti ìyá pe àwọn ọmọ jókòó. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí pa pọ̀:

1. Ọ̀nà méjì wo la lè gbà jáde nínú yàrá kọ̀ọ̀kan? Bí kò bá sí ju ẹyọ kan lọ, kí la máa ṣe sí fèrèsé?

2. Ta ni yóò gbé ọmọ ọwọ́? Ta ni yóò di ìyá àgbà mú? Ẹ dárúkọ ẹni náà. Bí ẹ bá ní "gbogbo wa ni," kò sí ẹni tó máa ṣe é.

3. Níbo la máa pàdé níta? Ẹ yan ibi kan pàtó tó jìnnà díẹ̀ sí ilé: abẹ́ igi kan, ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, iwájú ilé ìtajà kan. Ibẹ̀ lẹ ó ti ka orí ara yín. Ká ní àwọn ìdílé ọdún 2002 ní ibi ìpàdé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá má ti sọnù nínú èrò.

4. Nọ́ńbà wo la ó pè? Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112 ni, kò sì gba owó. Kí àwọn ọmọ há a sórí bí wọ́n ṣe há Fátíhà sórí.

5. Kí ni a kò ní padà lọ mú? Ohunkóhun. Kì í ṣe fóònù, kì í ṣe owó, kì í ṣe sẹ́tífíkéètì. Ẹni tó bá ti jáde kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé pé wọn kò gbọ́dọ̀ sá sábẹ́ ibùsùn tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí ẹ̀rù máa ń gbé wọn sá sí nìyẹn, ibẹ̀ ni àwọn panápaná kì í sì í tètè rí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ pa gbogbo iná ilé ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí olúkúlùkù rá kòrò jáde dé ibi ìpàdé. Àwọn ọmọ á fi ṣe eré, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lórí wọn.

Ẹ̀rọ apaná kékeré kan tó ní ìyẹ̀fun nínú dára ní ilé àti nínú mọ́tò. Ẹ máa wo ojú aago rẹ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà wà lójú àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fa pínnì rẹ̀ yọ, ẹ dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe òkè ọwọ́ iná, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Ẹ̀yìn yín ni kí ẹnu ọ̀nà wà. Bí iná náà bá ti ga tó yín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jáde.

Mọ́sálásí àti ilé kéwú

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1997, iná ṣẹ́ láàárín àgọ́ àwọn onihájì ní Mínà. Atẹ́gùn gbé e láti àgọ́ kan sí èkejì. Àgọ́ tó jó tó 70,000, àwọn àlejò Ọlọ́hun tó kú sì jẹ́ 343. Lẹ́yìn àjálù náà, ìjọba Saudi Arabia fi àgọ́ tí kì í tètè gbiná rọ́pò àgọ́ aláṣọ, wọ́n sì fòfin de gáàsì ìdáná nínú wọn. Ẹni tó bá lọ sí Hájì lónìí, inú ẹ̀kọ́ ọdún 1997 ló ń sùn.

Ǹjẹ́ àwa náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ ní mọ́sálásí wa? Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí gbogbo èrò bá ti wọlé tán, ẹnu ọ̀nà mélòó ló ṣí sílẹ̀? Ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ńkọ́, èyí tó sábà máa ń wà lókè pẹ̀lú àtẹ̀gùn tóóró kan? Bàtà tí a kó jọ sẹ́nu ọ̀nà, ṣé kò ní gbé ẹni tó ń sáré ṣubú? A bẹ àwọn Ìmáàmù àti ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa: kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí nígbà tí èrò bá wà nínú ilé, kí bàtà ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi àlùwàlá, kí ẹ̀rọ apaná sì wà níbi tí ojú lè rí i. Ní ilé kéwú tí àwọn ọmọ ń sùn sí, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta láé, ìbáà jẹ́ nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n sá lọ. Kí àgbàlagbà kan máa sùn níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aládùúgbò ni ìdáàbòbò

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná ṣẹ́ lára fìríìjì kan ní àjà kẹrin Grenfell Tower ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé alájà 24 ni. Iná náà gba ara ògiri ìta gòkè, ènìyàn 72 ló sì kú. Ṣùgbọ́n oṣù Rọ̀màdáànì ni. Àwọn Mùsùlùmí kan nínú ilé náà ṣì wà lójúfò nítorí sààrì, wọ́n rí èéfín, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò wọn, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, láti jí wọn. Àwọn kan wà láàyè lónìí nítorí pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wọn.

Ojúṣe tiwa nìyẹn náà. Bí ilé aládùúgbò bá ń jó, ẹnìkan kì í sùn. Bí ẹ bá rí iná, ẹ pariwo, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ sọ orúkọ òpópónà, bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn, ohun tó ń jó, àti bóyá ènìyàn há sínú ilé. Ẹ rán ẹnìkan lọ dúró sí ojú títì kó máa júwe ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ panápaná wà ní Bọ́ládé ní Òṣòdì, ó wà ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn kò lè fò. Ní Òkóta, Ajao Estate àti ọ̀pọ̀ òpópónà wa, géètì àdúgbò máa ń wà ní títì ní òru. Kí ẹgbẹ́ onílé rí i dájú pé ọlọ́dẹ tó ní kọ́kọ́rọ́ ń sùn nítòsí géètì náà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí mọ́tò dí ọ̀nà. Ẹ má ju òkò lu panápaná nítorí pé wọ́n pẹ́; àwọn ni yóò wọ inú iná lọ gbé ọmọ yín jáde.

Nítorí pé ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá gba àárín wa kọjá, ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má sì lọ bu epo. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ó lé ní 200 ènìyàn tó jóná níbi tí wọ́n ti ń bu epo tó tú jáde láti ojú páìpù. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ ni kí ẹ sá sí, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ, ẹ má sì sá gba ojú àgbàrá tí epo lè ṣàn gbà. Ẹ fara balẹ̀ wo iwájú yín bí ẹ ti ń sá. Àwọn ará Òkè-Afá ló fi ìyẹn kọ́ wa.

Bí iná bá jó ènìyàn

Bí iná bá ràn mọ́ aṣọ ẹnìkan, kó má sáré. Kó dùbúlẹ̀, kó fọwọ́ bo ojú, kó máa yí gbirigbiri. Bí iná bá ti kú, ẹ jẹ́ kí omi tútù tó mọ́ máa ṣàn sójú ọgbẹ́ náà fún 20 ìṣẹ́jú. Omi yìnyín kọ́ o. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara kí ó tó wú. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọnu, iyọ̀ tàbí epo ẹ́ńjìnnì pa á, nítorí pé wọ́n ń há ooru mọ́ inú ẹran ara, wọ́n sì ń kó àrùn wọ ọgbẹ́. Ẹ má bẹ́ ìléròrò rẹ̀. Ọgbẹ́ tó bá tóbi, tó bá wà lójú, lọ́wọ́ tàbí lójú ara, tàbí tó bá jẹ́ ti ọmọdé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ọsibítù Ìjọba wà ní Ìsọlọ̀. Ti Gbàgádà sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ojú iná. Ẹni tó fa èéfín símú púpọ̀, kó lọ rí dókítà bí kò tilẹ̀ ní ọgbẹ́ kankan.

Ẹ̀yin ará wa, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣe ohun mẹ́rin: ẹ ti ẹnu sílíńdà gáàsì, ẹ yọ ohun èlò iná kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbi tí gbogbo ilé mọ̀, ẹ sì wo pásẹ́ẹ̀jì bóyá ọ̀nà là. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe àdúà oorun yín. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ ká rí ogun iná, kó dáàbò bo ilé, ọjà àti mọ́sálásí wa, kó sì là wá nínú iná ayé àti iná ọ̀run. Àmín.